Bá a ṣe lè fi owó tó bá lé lórí tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì tún àdúgbò kan ṣe nílùú wa

Ẹ̀yin ará Èkìtì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fẹ́ bá yín sọ látọjọ́ pípẹ́. Tax increment financing ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, TIF ní kúkúrú. Ìpínlẹ̀ California ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1952, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké tí kò tó Ìjerò tàbí Ìkòlé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ìjọba á pààlà sí àdúgbò kan tó ti dẹnu kọlẹ̀, wọ́n á ṣírò iye owó orí ilé (òun là ń pè ní tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì níbí) tó ń wọlé níbẹ̀ lọ́dún, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ní yí padà mọ́. Tí wọ́n bá wá ṣe títì, tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà, tí iná àti omi dé, ilé á gbówó lórí, àwọn èèyàn á tún wá kọ́ tuntun, owó tó ń wọlé á gòkè. Iye àtijọ́ á ṣì máa lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀, èyí tó bá lé lórí ẹ̀ á bọ́ sínú àpò ọ̀tọ̀, òun ni wọ́n á máa fi san owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ládùúgbò yẹn. Kì í ṣe owó orí tuntun o.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká mi lára. Nílùú tiwa wọ́n da ọ̀dà sí títì tó gba iwájú ọjà àtijọ́, inú gbogbo wa dùn, àmọ́ kó tó pé ọdún mẹ́ta onílé tí màmá mi ń gbà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀ ti sọ owó ṣọ́ọ̀bù di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà náà ti di wúrà. Ìwé tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì tí wọ́n ń mú wá sílé wa ńkọ́? Iye tó wà lára ẹ̀ nígbà ayé bàbá mi náà ló ṣì wà níbẹ̀. Títì yẹn mú owó wá, kò sẹ́ni tó kà á, kò sì sí kọ́bọ̀ kan nínú ẹ̀ tó padà wá kó yanrìn inú gọ́tà. Òjò ńlá kan rọ̀, omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá mi ni mò ń wò bó ṣe ń fún àǹkárá tó ti ta àwọ̀ síra wọn, ó ń sá wọn sórí páànù.

Ó dáa, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Òfin ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti díye lé ilé kí wọ́n sì gba tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì, àmọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló máa sọ bí owó náà ṣe máa rí. Torí náà alága káńsù kan ò lè dá a ṣe, tó bá tiẹ̀ dá a ṣe, ẹni tó bá gbapò lọ́wọ́ ẹ̀ lè ṣí àpò yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ ọnọrébù yín l'Ádó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ilé ìgbìmọ̀ lè ṣòfin tó máa dáàbò bo àpò yẹn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, ìyẹn dáa, àmọ́ kò rọ́pò òfin tí mò ń wí yìí. Ẹ má sì gbàgbé òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà, kí àwọn tó ń bójú tó ilẹ̀ l'Ádó wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú àdúgbò. Ẹ mú kékeré, ẹ má mú gbogbo ìlú. Ní Illinois, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí àdúgbò fi lè wọlé ni pé kí ìdajì ilé tó wà níbẹ̀ ti pé ọdún 35 ó kéré tán, kí àwọn àmì míì tó fi hàn pé ibẹ̀ ń dẹnu kọlẹ̀ sì wà. Àwọn ilé onípáànù tó ti dípẹtà tó yí ọjà àti ààfin wa ká ti kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìbéèrè tó le jù ni pé: tá ò bá ṣe nǹkan kan, ṣé ibí yìí á dìde fúnra ẹ̀? Tó bá máa dìde, ẹ fi sílẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ilẹ̀ ọ̀nà Ìwòròkò l'Ádó, lágbègbè yunifásítì, ilé ń hù níbẹ̀ bí olú láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá kó irú ibẹ̀ mọ́ ọn, owó tó yẹ kó lọ sí ilé ìwé àti ọsibítù lẹ̀ ń fà yẹn. Irú àríyànjiyàn yìí wà lára ohun tó mú kí California alára pa àwọn àjọ tó ń lò ó rẹ́ ní 2012.

Iṣẹ́ gidi wá ni kíka ilé, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ dé ojúlé kọ̀ọ̀kan: ẹni méjì látinú ẹgbẹ́, òṣìṣẹ́ káńsù kan, àti ẹnì kan tó kàwé nípa bí wọ́n ṣe ń díye lé ilé. Ẹ kọ orúkọ onílé, iye yàrá, iye ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi fóònù ya fọ́tò iwájú ilé. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ọ̀pọ̀ onílé ni kì í san nǹkan kan rárá. Tó bá jẹ́ owó tó ń wọlé lónìí nìkan lẹ kọ, tí káńsù bá wá jí lọ́dún tó ń bọ̀ tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ gbogbo ayé, ó máa dà bí ẹni pé àdúgbò ti dàgbà, irọ́ ni. Iye tó yẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan san lónìí ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń tajà àti ibi tí ìsọ̀ wọn wà pẹ̀lú, kó má lọ jẹ́ pé tí ọjà bá di tuntun, àjèjì ló máa wọ ìsọ̀ opó. Kí wọ́n ka ìwé náà sókè láàfin lójú Kábíyèsí àti Ìyálọ́jà, kí oníkálukú gba ẹ̀dà tiẹ̀.

Ìṣirò ò le. Ká ní ₦2,000,000 ló yẹ kí àdúgbò yẹn san lọ́dún, tó bá di ọdún karùn-ún tó ti di ₦5,000,000, káńsù á mú ₦2,000,000 rẹ̀, ₦3,000,000 á lọ sápò iṣẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó lè má sí nǹkan kan tó lé rárá.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà yín níyànjú láti yá owó. Ní Amẹ́ríkà wọ́n máa ń yá owó ńlá sílẹ̀ pé èyí tó bá lé ni wọ́n á fi san án, tí kò bá wá lé, gbèsè dé. Fún ìlú kékeré, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ ti orí gọ́tà bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù fowó ara ẹ̀ ṣe gọ́tà àti títì iwájú ẹ̀, kí àpò yẹn máa san án padà fún un bí owó bá ṣe ń wọlé, tí kò bá wọlé, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Kí òfin náà ní ọjọ́ tó máa parí. Ọdún 23 ni Illinois sábà máa ń fún wọn, èmi rò pé 15 tó fún wa, lẹ́yìn ẹ̀ kí gbogbo owó padà sọ́dọ̀ káńsù. Lọ́dọọdún kí wọ́n lẹ ìṣirò mọ́ ara ògiri káńsù àti ẹnu ọjà, lédè Yorùbá.

Ẹ má ka ilé yẹn lásìkò tí ìlú bá dá o. Ìparí December ni kẹ́ ẹ fi sí, nígbà tí àwọn onílé tó ń gbé Èkó àti Ìbàdàn bá wálé ọdún, torí àwọn gan-an ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tó wà ní títì pa yẹn.