Pọ́n-ùn 79 ni mo ná kí n tó mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni

Inú ń bí mi títí di báyìí. Tíṣà ọmọ mi obìnrin ní kí wọ́n lọ wádìí nípa ìjọba Bìní, wọ́n máa ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ní praimárì nílùú Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni mo bá ra ìwé mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pọ́n-ùn 31. Mo tún rí wẹ́búsáìtì kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì British Museum, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní London, mo san pọ́n-ùn 48 fún èmi àtàwọn ọmọ méjì. A débẹ̀, wọn ò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Wọ́n yẹ báàgì wa wò, a wọlé. Ọ̀fẹ́ ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i ní 1759, ọ̀fẹ́ náà ni lónìí, àfi àwọn àfihàn àkànṣe tí wọ́n ń gbowó ẹ̀ lọ́tọ̀. Mo kọ̀wé sáwọn tó gbowó mi, wọn ò fèsì. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn nílé mi.

Mo ní ó tán, mi ò tún ní ra ìwé kankan kí n tó wo láíbìrì. Òfin 1964 ló sọ ọ́ di dandan fún kánsù láti pèsè ẹ̀, a ò ní san kọ́bọ̀ ká tó yá ìwé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú pásípọ́ọ̀tù lọ láti gba káàdì láíbìrì, wọ́n ní kí n mú ohun tó fi àdírẹ́ẹ̀sì mi hàn wá. Yàrá la háyà, iná, omi, kánsù táàsì, orúkọ lánlọ́ọ̀dù ló wà lórí gbogbo ẹ̀. Mo bẹ lánlọ́ọ̀dù kó kọ lẹ́tà, ó kọ ọ́, mo gbé e lọ, wọ́n ní àwọn ò gba lẹ́tà tí èèyàn fọwọ́ kọ. Ọjọ́ kẹta mo fi sítétímẹ́ǹtì báǹkì mi hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní àfi kí n tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ní ṣé mo lè tẹ̀ ẹ́ níbí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tó bá ní káàdì láíbìrì ló lè lo kọ̀ǹpútà. Káàdì tí mò ń wá náà nìyẹn o! Òjò ń rọ̀ níta, ọmọ wà lẹ́yìn mi, omi ti fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi, mo ṣáà ń pe "Olúwa ò, Olúwa ò."

Màmá kan tó jókòó ti ìwé ìròyìn gbọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọmọ Yorùbá ni ẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. "Lẹ́tà GP, dókítà àdúgbò yín, ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi ń pè ẹ́ pé kí o gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́." Ha! Méjì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ ṣé mà, Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ọmọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé káàdì tàwọn ọmọ ò nílò ẹ̀rí àdírẹ́ẹ̀sì kankan ní láíbìrì wa, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọn ì bá ti gba tiwọn, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè tàwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì tọ́jú gbogbo lẹ́tà ilé ìwòsàn.

A tún padà sí British Museum lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, aago mẹ́jọ àábọ̀ ni wọ́n ń tì í lọ́jọ́ yẹn, èrò ò pọ̀. Yàrá 25 lábẹ́ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Àwọn idẹ Bìní tí sójà Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897 wà níbẹ̀, orí idẹ Ifẹ̀ náà wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n wú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ọmọ mi wo ilà ojú ẹ̀, ó ní, "Mummy, ó jọ Grandpa." Orí mi wú, bẹ́ẹ̀ ni inú tún ń bí mi pé London ni ọmọ mi ti kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe Ifẹ̀. Ní kíláàsì, òun ló sọ̀rọ̀ jù.

Ìwé mẹ́ta tí mo fi pọ́n-ùn 31 rà yẹn, méjì wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù láíbìrì náà, mo fi ojú ara mi rí i.