Bí àdúgbò ṣe lè dáàbò bo ìbò rẹ̀ kí ọjọ́ ìdìbò tó dé

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé olùdìbò, kò dìgbà tí jàǹdùkú bá lé e kúrò lórí ìlà kó tó pàdánù ìbò rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ládùúgbò wa ní Apẹ̀tẹ̀, Ìbàdàn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìwé ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró: káàdì sọnù, wọ́n kó wá láti ìlú mìíràn láì gbé orúkọ wọn wá, tàbí wọn ò mọ ibùdó ìdìbò wọn mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tún ṣe, tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ra ìwé àjákọ kan. Ẹ yan èèyàn méjì fún òpópónà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, torí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé kì í ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin tí wọn ò mọ̀. Ìbéèrè tí ẹ ó bi wọn kò pọ̀: Ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀? Ṣé káàdì wà lọ́wọ́ yín? Ibo lẹ ti forúkọ sílẹ̀? Ṣé ẹ mọ ibùdó yín? Ẹ má béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì kọ nọ́ńbà káàdì ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Tí wọ́n bá fi lè fura pé olóṣèlú kan ló rán yín, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n má fi káàdì wọn síkàáwọ́ ẹnikẹ́ni. Lásìkò Òfin Ìdìbò 2022, ẹni tó bá ra káàdì ìdìbò tàbí tó tà á lè san ìtanràn tó 500,000 náírà, tàbí kó fẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura, tàbí kó jẹ méjèèjì.

Bàbá kan ládùúgbò wa yọ káàdì tirẹ̀ jáde láàárín ojú ewé Kùránì. Ó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n fún wọn, àmọ́ Agége ló wà lára rẹ̀, Bàbá sì ti ń múra láti lọ forúkọ sílẹ̀ ní tuntun. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú 12,298,944 èèyàn tó parí ìforúkọsílẹ̀ láàárín 2021 sí 2022, INEC, àjọ elétò ìdìbò, yọ orúkọ 2,780,756 kúrò, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sì wà lára wọn. Ẹni tó bá kó kúrò níbì kan, kó béèrè kí wọ́n gbé orúkọ òun wá síbi tó ń gbé. Ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù, kó béèrè òmíràn. Lásìkò òfin 2022, ìbéèrè méjèèjì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ INEC ó kéré tán 90 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Ẹ máa fetí sí ọjọ́ tí àjọ náà fúnra rẹ̀ bá kéde.

Ẹni tó ti ń dìbò lójú kan láti ọjọ́ pípẹ́ náà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2021, INEC sọ ibùdó ìdìbò di 176,846 láti 119,974, wọ́n sì kó àwọn olùdìbò kan lọ sí tuntun. Ọ̀dọ́ kan tó ní dátà lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálááṣí, kó máa bá àwọn àgbà wò ó lórí ìkànnì INEC.

Tí ìwé àjákọ bá ti kún, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ má kọ pé "ìyà ń jẹ wá." Ẹ kọ iye èèyàn tí kò tíì forúkọ sílẹ̀, iye àwọn tí káàdì wọn kò tíì jáde, wọ́ọ̀dù tí wọ́n wà, àti ohun tí ẹ fẹ́: bóyá kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí wọ́ọ̀dù yín fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí tiyín. Nígbà kan tí òṣìṣẹ́ kan sọ fún wa pé ìwé wa kò dé ọ̀dọ̀ àwọn, òǹtẹ̀ yẹn la nà sí i. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ mú ìmáàmù, pásítọ̀ àti baálẹ̀ lọ, kí ẹ sì pe ilé iṣẹ́ rédíò.

Ariwo tó ní ẹ̀rí nínú máa ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2022 ni wọ́n fẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Èrò pọ̀ lójú ìlà, SERAP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, gbé INEC lọ sílé ẹjọ́, INEC sì sún un dé ọjọ́ 31 oṣù Keje. Ní oṣù Kìíní 2023, wọ́n gbé pípín káàdì sún mọ́ aráàlú ní wọ́ọ̀dù 8,809 jákèjádò Nàìjíríà.

Nígbà tí INEC bá lẹ ìwé orúkọ síta, ẹ gbé ìwé àjákọ yín lọ síbẹ̀. Ọjọ́ 7 sí 14 péré ni òfin 2022 fún wọn láti fi hàn. Orúkọ tí kò sí níbẹ̀, tàbí ti òkú tó ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkọ.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ ti sọ fún àwọn ìyá tó ń yan gààrí àti àwọn bíríkìlà pé ìka wọn lè má wọlé lórí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀. Kí wọ́n má bínú kúrò. Kí wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ INEC pé kó fi ẹ̀rọ náà ya ojú wọn wò. Afọ́jú lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn dání.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi bò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2023, ọjọ́ ìdìbò gómìnà, wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn olùdìbò kan ní Èkó nítorí ẹ̀yà tí wọ́n rò pé wọ́n jẹ́. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ Yorùbá tó wà ní Kano tàbí Jos náà ń dìbò níbẹ̀. Ayálégbé tó jẹ́ Ígbò tàbí Haúsá, tó forúkọ sílẹ̀ ní òpópónà wa, olùdìbò wa ni. Bí a bá mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, àwa onílé la máa ń bá a rìn lọ sí ibùdó. Bí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má bá wọn jà. Ẹ kọ aago, ibùdó àti ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ẹ pe ọlọ́pàá àti INEC lójú ẹsẹ̀.

Tí wọ́n bá ka ìbò tán, wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ fọ́ọ̀mù EC60E, èyí tó ń fi èsì hàn, sára ògiri. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí gbogbo nọ́ńbà hàn ketekete, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé yín, kí ó fi wé èyí tí wọ́n bá gbé sórí IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sí.