Bí a ṣe díye lé ilé kan létí odò Ajílósùn

Mílíọ̀nù 18 náírà ni alágbàtà pe ilé náà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin: yàrá mẹ́ta, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjú sí odò Ajílósùn ní Adó-Èkìtì. Irú rẹ̀ tó wà lókè, níbi tí omi kì í dé, mílíọ̀nù 20 ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ka mílíọ̀nù 2 yẹn sí èrè. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì san kọ́bọ̀.

Mo dúró de òjò kí n tó lọ. Àárín òkè àpáta ni Adó wà, àpáta kì í sì í mu omi. Gbogbo rẹ̀ ló ń ya wá sísàlẹ̀. Odò lè kún ní ìrọ̀lẹ́, kó sì ti fà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá lọ wo ilé etí odò nígbà ọyẹ́, tàbí nígbà tí òjò dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, kò tíì rí nǹkan kan. Oṣù kẹsàn-án ni mo lọ, ní ọjọ́ kejì òjò ńlá.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ni mo kọ́kọ́ kíyè sí. Yàrá dé yàrá, ìwọ̀n àyà mi ni wọ́n gbé gbogbo wọn sí. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìnídìí? Ọ̀dà tuntun ń dán lára ògiri, àmọ́ mo ní kí alágbàtà bá mi fa kọ́bọ́ọ̀dù yàrá kejì sẹ́yìn. Ọ̀dà ò dé ibẹ̀. Ìlà ẹrẹ̀ wà lára ògiri, ó tọ́ bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 62. Mo fi èékánná tẹ ẹsẹ̀ férémù ilẹ̀kùn, ó wọlé.

Alágbàtà ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni omi wọ ibẹ̀ rí. Mo sọdá lọ kí màmá tó ń ta èlùbọ́ lódìkejì títì.

“Ọmọ mi, ọdọọdún ni,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn, tí òjò bá ti ṣú báyìí, orí tábìlì ló ń kó oúnjẹ rẹ̀ lọ.”

Wọ́n fi afárá kékeré tó wà nísàlẹ̀ hàn mí. Ike àti ìdọ̀tí ti dí ojú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi ti kúrò níbi iye tí wọ́n pè é, torí pé kò sí bí onílé ṣe lè tún afárá ìta ṣe nínú ọgbà tirẹ̀.

Ìwé C of O wà, inú ẹ̀gbọ́n mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá òfin ilẹ̀ ọdún 1978 mu, ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ló ń sọ, kò sọ ti omi. A mú awọnlẹ̀ lọ. Ó ní ṣáláńgá wà nínú àlàfo tó yẹ kó ṣófo létí odò, níbi tí ìjọba ti lè wá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé kànga ò jìnnà síbẹ̀. Tí omi bá bo méjèèjì pọ̀, àrùn onígbáméjì ti rí ọ̀nà wọlé.

Bíríkìlà ṣírò ògiri ìdènà, gígbé ilẹ̀ inú ilé ga, ṣáláńgá tuntun níwájú àti ilẹ̀kùn: mílíọ̀nù 6. Inú 20 ti ilé orí òkè ni mo ti yọ ọ́, kì í ṣe inú 18, torí 20 ni iye irú ilé bẹ́ẹ̀ níbi tí omi kì í dé. Ó ku 14. Mo tún yọ 2, torí ẹni tó bá máa rà á lọ́wọ́ wa lọ́la náà á bi màmá ẹlẹ́lùbọ́ léèrè. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má kọjá mílíọ̀nù 12.

Onílé já a sí 15, ó ní òun ò lè lọ sísàlẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò rà á. Ilé yàrá méjì kan lápá Òkè-Ìlá ni wọ́n ń ná lọ́wọ́ báyìí.