Ìjẹ rọ́bà tó ń yí bí òkòtó: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fífi ìwúwo kún ìwọ̀

Houston ni mo ń gbé, ẹja bass ni mo sì máa ń lé kiri ní Texas, àgàgà ní adágún Sam Rayburn tí koríko omi ti pọ̀ bí igbó. Níbẹ̀, ìjẹ rọ́bà ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ekòló àti ẹja kéékèèké tí wọ́n fi rọ́bà rírọ̀ ṣe, nítorí èèyàn lè fi ẹnu ìwọ̀ pa mọ́ sínú rọ́bà kí koríko má bàa kọ́ ọ. Ìwọ̀ tó ti ní ìwúwo lára wà lọ́jà, àmọ́ ó wọ́n, ìwọ̀n tí mo ń wá kì í sì í sábà sí níbẹ̀. Mo wá ń fi ọwọ́ ara mi ṣe é: wáyà rírọ̀, ti òjé tàbí ti tin, ni mo ń wé mọ́ ìwọ̀ lásán kó lè wúwo. Ohun tí àwọn tá a jọ ń lọ sódò máa ń bi mí nìyí.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dojú rú: ojú ìwọ̀ ni ihò tí à ń so okùn mọ́. Ẹ̀yìn ìwọ̀ ni ibi gbọọrọ tó tẹ̀ lé e. Ikùn ìwọ̀ ni ibi tó tẹ̀ kọrọdọ, ẹnu rẹ̀ sì ni ibi tó mú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ti ń fa okùn, ńṣe ni ìjẹ mi ń yí bí òkòtó. Okùn ti lọ́ mọ́ra tán. Mo rò pé ìwúwo rẹ̀ ló kéré, mo fi kún un, ó tún wá burú sí i.

Ìdáhùn: Àbúrò, kì í ṣe pé ó kéré, ibi tó o fi í sí ni kò dáa. Ohun tó wúwo kì í sinmi àfi tó bá dé ìsàlẹ̀. Tó o bá wé wáyà sí apá òkè, nítòsí ojú ìwọ̀, tàbí tí wáyà pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ìjẹ á máa wá ọ̀nà tí yóò fi dojú dé, bí ìwọ náà ti ń fà á ni á máa yí. Bó o ṣe wá fi kún un níbi kan náà, o kàn fún un lágbára láti yí sí i ni.

Tú gbogbo rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí wé e láti ibi tí ẹ̀yìn ìwọ̀ ti parí tí ikùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ìwúwo lè wà nísàlẹ̀ rọ́bà, lábẹ́ ikùn ẹja rọ́bà náà, bí ìgbà tí ọlọ́kọ̀ ojú omi bá kó ẹrù sísàlẹ̀ ọkọ̀. Àwọn apẹja wa nílé kò níí bi ẹnikẹ́ni léèrè èyí. Ẹ wo òjé tí wọ́n so yí etí àwọ̀n ká: ó dọ́gba yípo, òun ló jẹ́ kí àwọ̀n tẹ́ rẹrẹ kó tó rì. Tó bá pọ̀ lápá kan, àwọ̀n á ká jọ ni.

Ṣùgbọ́n kó o tó fọwọ́ kan wáyà rárá, kọ́kọ́ wo rọ́bà fúnra rẹ̀. Nínú ìjẹ mẹ́wàá tó ń yí tí wọ́n bá gbé wá bá mi, ó kéré tán méje ló jẹ́ pé rọ́bà ni kò tọ́. Gbé ìwọ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ìjẹ, fi èékánná sàmì sí ibi tí ikùn ìwọ̀ bá dé, kó o sì gún un jáde níbẹ̀ gẹ́lẹ́, láàárín gbùngbùn rọ́bà. Bí rọ́bà bá kákò díẹ̀ tàbí tó nà jù, á wọ́, ohun tó bá sì wọ́ á yí. Fà á nínú báàfù ilé rẹ kó o tó gbé e lọ sódò. Ọ̀rọ̀ báàfù wa ti sú ìyàwó mi, àmọ́ báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Tèmi kì í yí, ṣùgbọ́n orí ló fi ń já lọ sísàlẹ̀. Mo fẹ́ kó máa rọ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ìdáhùn: Sún ìwúwo sápá ìrù ìjẹ, mílímítà méjì péré ní ìgbà kan, kó o tún dán an wò. Bí ìrù bá ti ń ṣáájú, o ti sún un jù.

Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé irú ìjẹ bíi ekòló rọ́bà tí wọ́n ń pè ní Senko ti ní iyọ̀ nínú rọ́bà rẹ̀, ó sì ń rì fúnra rẹ̀ láìsí ohunkóhun lára ìwọ̀. Tí atẹ́gùn kò bá le, tí omi kò sì jìn, mi ò kì í fi nǹkan kan kún irú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìjẹ mi ti di ojúoró, lórí omi ló ń gbé. Irú wáyà wo ni kí n lò, báwo sì ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n rẹ̀?

Ìdáhùn: Òṣùwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò ló dáa jù. Tí kò bá sí, fi rúlà wọn wáyà. Wáyà òjé tó nípọn tó mílímítà 2, tó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, á wọn nǹkan bíi gíráàmù 3.5. Òun ni wọ́n ń pè ní 1/8 ounce lára páálí ìwọ̀. Gé e sí méjì, o ti ní 1/16. Tó bá jẹ́ wáyà tí kò ní òjé, èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó wáyà pọ̀ lóde òní, irin tí wọ́n ń pè ní tin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tin sì fúyẹ́ ju òjé lọ. Sẹ̀ǹtímítà 10 tirẹ̀ á wọn nǹkan bíi gíráàmù 2.3 péré.

1/16 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí omi kò bá ti ju mítà kan àbọ̀ lọ. Tó bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tí atẹ́gùn ń fẹ́, mo máa lo 1/8. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń fẹ́ kó wúwo kí wọ́n lè jù ú jìnnà. Mi ò bá wọn jà, àmọ́ bass sábà máa ń gbé ìjẹ nígbà tó bá ń rọ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èyí tó bá já wọlẹ̀ bí òkúta, ẹja kò ráyè wò ó.

Ìbéèrè: Wáyà mi ń yọ̀ lọ sínú ikùn ìwọ̀.

Ìdáhùn: Ara ìwọ̀ ń dán ni. Èmi náà ti gbójú lé gúlù nìkan rí. Nígbà tí mo jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo wáyà ti kó jọ sẹ́nu ìwọ̀. Ní báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ fi sándípépà họ ibẹ̀, mo á wé òwú ìránṣọ lé e ní ìpele kan, mo á fi súpà gúlù díẹ̀ kán an, ìgbà yẹn ni mo tó ń wé wáyà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fara ti èkejì pẹ́kípẹ́kí. Mo á fi ẹ̀mú tẹ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ṣóńṣó wáyà má bàa ya rọ́bà, mo á tún fi gúlù lé gbogbo rẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ń kánjú lè ti ike róbótó tó máa ń sún kì tí iná bá rà á, irú èyí tí àwọn oníná mànàmáná fi ń bo wáyà, bọ̀ ọ́ lórí. Ó dáa, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ìwọ̀ sanra.

Ìbéèrè: Ẹja ń gbé e, mo ń rí i lára okùn, mo bá fà á, òfo.

Ìdáhùn: Wo àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn ìwọ̀ àti ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni rọ́bà máa ń ká sí nígbà tí ẹja bá deyín mọ́ ọn, kí ẹnu ìwọ̀ lè ráyè yọ síta. Tí wáyà bá ti kún ibẹ̀, rọ́bà ò ríbi lọ, ìwọ̀ ò sì ní gún ẹja. Lo wáyà tín-ín-rín tó gùn dípò èyí tó nípọn, tàbí kó o gbé ìwọ̀ tó tóbi jù ú lọ ní ìwọ̀n kan. Ẹni tó ń lo ìwọ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà 4/0 sí páálí rẹ̀, kó lọ mú 5/0.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, London ni mo wà. Wọ́n ní òjé ò bófin mu níbí. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Lóòótọ́ ni o. Láti 1987 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òjé ìpẹja tó bá wọn láti gíráàmù 0.06 títí dé 28.35, torí àwọn ẹyẹ swan ń gbé e mì, ó sì ń pa wọ́n. Gbogbo ìwọ̀n tí mo mẹ́nu bà lókè yìí ló bọ́ sáàárín rẹ̀. Wáyà tin ni kó o lò, tàbí irin tí wọ́n ń pè ní tungsten tó bá jẹ́ pé owó wà lọ́wọ́. Kódà tungsten wúwo ju òjé lọ, ìwọ̀nba kékeré ló máa tó ọ. Ní Amẹ́ríkà níbí, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Massachusetts àti New Hampshire náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ka òfin ibi tó o ti ń pẹja.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, mo ní òjé bátìrì mọ́tò kan nílé. Mo fẹ́ yọ́ ọ lórí sítóòfù kí n dà á sára ìwọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dán an wò. Yàtọ̀ sí òjé, ásíìdì wà nínú bátìrì. Ó tó 327°C kí òjé tó yọ́, bí omi kan bá sì kán sí i nígbà náà, á bú gbàù sójú yín. Eruku rẹ̀ á bà sórí ìkòkò ọbẹ̀, àwọn ọmọ ló sì máa ń kọ́kọ́ pa lára. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, níbi tí eruku òjé láti ara òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ ti pa ọmọ tó lé ní irinwó. Wáyà tútù tó yín. Bó bá sì jẹ́ wáyà òjé ni ẹ lò, ẹ má feyín gé e, kí ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Ìbéèrè: Mi ò lè wé wáyà. Mo gé ìṣó, mo tì í bọ inú orí ekòló rọ́bà, àmọ́ ó ń fò jáde tí mo bá jù ú.

Ìdáhùn: Ọgbọ́n rere ni, ìṣó kò sì ní òjé nínú. Ara ìṣó tìrẹ ló dán jù. Wá ìṣó tó ní ìlà-ìlà lára, fi gúlù díẹ̀ kan ṣóńṣó rẹ̀, kó o tì í wọlé pátápátá títí rọ́bà á fi bò ó. Kó o wá fi ìwọ̀ kọ́ ekòló náà láàárín ìbàdí. Á forí sọlẹ̀, ìrù rẹ̀ á máa gbọ̀n lókè. Tó o bá délé, yọ ìṣó náà kúrò, torí mo ti bá ìpata nínú odidi páálí ìjẹ kan rí.