Bí mo ṣe yan jíìnì òṣùwọ̀n fún ẹja tí ọ́síjìn omi rẹ̀ dínkù

Ohun tí mò ń wá kò ju èyí lọ: bí ọ́síjìn inú omi bá dínkù, àwọn jíìnì wo ló ń ṣiṣẹ́ sí i nínú ẹ̀dọ̀ tìlápíà? Ṣùgbọ́n iye tí qPCR, ọ̀nà tí a fi ń wọn bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, bá gbé jáde kò wúlò àfi tí a bá fi jíìnì mìíràn tí kì í yí padà wọ̀n ọ́n. Bí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, irọ́ ni gbogbo ohun tó bá wọ̀n.

Jíìnì gapdh ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú láìbéèrè ìdí. Ara mi ò gbà á. Gapdh wà lára àwọn tó ń fọ́ ṣúgà kí agbára lè jáde, ọ̀nà yẹn gan-an sì ni ẹja máa ń sá sí tí ọ́síjìn bá wọ́n. Mo kàn fi í sáàárín àwọn tí mo fẹ́ dán wò ni, pẹ̀lú jíìnì méje mìíràn: actb, ef1a, rpl13a, ubce, b2m, tuba àti 18S.

18S kò pẹ́ jáde. Ó pọ̀ jù nínú RNA ju jíìnì tí mò ń wọ̀n lọ. Tuba ló fún mi níṣẹ́. Àwọn babańlá ẹja wọ̀nyí ti ní ìlọ́po jíìnì látijọ́, nítorí náà ẹ̀dà méjì tó jọra lè wà, kí primer, ègé DNA kékeré tí a fi ń wá jíìnì, sì gbá àwọn méjèèjì mú. Nígbà tí mo wo melt curve rẹ̀, àwòrán bí DNA tó jáde ṣe ń tú ká bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i, òkè kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ga. Mo yọ ọ́ kúrò. Àwọn tó kù, mo bu omi là wọ́n ní ìlọ́po 10-10, mo sì gba èyí tí agbára primer rẹ̀ (100% ni pé DNA ń di ìlọ́po méjì nígbà kọ̀ọ̀kan) wà láàárín 90% sí 110%.

geNorm, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to àwọn jíìnì bí wọ́n ṣe dúró ṣinṣin sí, gbé ef1a àti rpl13a síwájú. Ìyẹn mú mi fura, torí iṣẹ́ ṣíṣe purotéènì ni àwọn méjèèjì jọ ń ṣe, geNorm sì lè fojú adúróṣinṣin wo àwọn tó kàn jọ ń rìn pọ̀. NormFinder, ètò kejì tó ń wo ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ ẹja kan sí èkejì, fi ef1a sókè, actb tẹ̀ lé e. V ni geNorm fi ń sọ bóyá àfikún jíìnì kan ṣì ń yí èsì padà, 0.15 sì ni ààlà: V2/3 (láti jíìnì méjì sí mẹ́ta) ju 0.15 lọ, V3/4 kò tó o, nítorí náà mẹ́ta ni mo lò: ef1a, rpl13a, actb. Gapdh ló kẹ́yìn nínú méjèèjì.

Nígbà tí mo dé orí ibi tí ẹja fi ń mí, actb já wálẹ̀. Mo tún gbogbo ìdánwò náà ṣe fún ibi mímí yẹn lọ́tọ̀.