Ohun tó ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà mi lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba

Iléyá ti dé tán, iṣẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde: gbogbo rẹgbẹ́rẹgbẹ́ ló fẹ́ gba káàdì àti fọ́tò kí Ojúde Ọba tó pé. Ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà Linux mi, oníkọ́ọ̀ méjì (kọ́ọ̀ ni ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀), bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ bí ìgbín, tí fáànù rẹ̀ ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta.

Mo tẹ `ps aux --sort=-%cpu`, àṣẹ tó ń to àwọn ètò, èyí tó ń jẹ agbára jù lókè. Firefox ló wà lókè, mo pa á. Pàbó! Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà: ìdá agbára tí ps ń kọ, ìpíndọ́gba láti ìgbà tí ètò ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ètò tó ti ń sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó wá ya wèrè láàárọ̀ yìí, kò ní tètè hàn.

Àṣẹ `top` ló ń sọ ti ìsinsìnyí. Mo ṣí i, bash kan (ètò tó ń ka àṣẹ tí a kọ) ló wà lókè, ìdá 99.7 nínú ọgọ́rùn-ún. (100 níbẹ̀, kọ́ọ̀ kan péré ni, ẹ tẹ 1 kí ẹ rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.) Mo fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tẹ `ps -fp` kí n lè rí ohun tó jẹ́ gan-an. Áà, ìwé àṣẹ tí èmi fúnra mi kọ láti máa ṣọ́ fódà fọ́tò ni! Ó ń tún àwọn àṣẹ rẹ̀ ṣe léraléra: ó ní `cd /home/foto || continue` (wọ fódà náà; bí kò bá ṣeé ṣe, padà sókè), `sleep 5` (sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún) sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọmọ iṣẹ́ mi ti yí orúkọ fódà padà. Cd kò ríbi wọ̀, continue ń fo sleep, ó wá ń yí láìsinmi. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tọmọ.

Mo fi `kill` dá a dúró, mo gbé `sleep 5` ṣáájú cd, mo tún orúkọ fódà ṣe, mo sì tún ìwé àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀. 0.0 ló wà níbẹ̀ báyìí, fáànù sì ti dákẹ́.