Bí Ìyá Ṣe Lè Kó Àwọn Ọmọ Kéékèèké Jáde Nílùú Èkó Lásìkò Ọlidé Gígùn

Nígbà tí ilé ìwé bá ti pa ní apá ìparí oṣù Keje, àwọn ọmọ wa á wà nílé títí di oṣù Kẹsàn-án. Ìyá tó ní ọmọ kéékèèké mọ bí àsìkò yẹn ṣe máa ń gùn tó, pàápàá àwa tí a ń gbé inú ilé tí kò ní àgbàlá tí ọmọ lè sáré nínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ gba ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ mi kò ní ná yín lówó púpọ̀, kò sì di dandan kí ẹ ní mọ́tò: ẹ jẹ́ kí òjò ṣètò ọlidé náà fún yín, kí ẹ sì máa fi ìjáde kọ̀ọ̀kan wo ohun kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ òjò yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ní Èkó, oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ni òjò máa ń pọ̀ jù. Nínú oṣù Kẹjọ, á dáwọ́ dúró díẹ̀, ojú ọjọ́ á tutù, oòrùn kò sì ní mú. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, á tún padà dé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ya ìbẹ̀rẹ̀ ọlidé sọ́tọ̀ fún eré inú ilé àti fún àwọn ibi tó ní òrùlé, tí mo máa ń fi oṣù Kẹjọ lọ sí inú igbó àti etí omi, tí mo sì máa ń fi ọjà sí ìparí. Ẹni tó bá kó ọmọ lọ sí etí òkun nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ lójoojúmọ́ lè pàdé àgbàrá lọ́nà tó bá ń bọ̀ wálé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ rin inú àgbàrá rárá, nítorí a kì í rí gọ́tà tí kò ní ìdérí lábẹ́ omi. Bí òjò bá ká yín mọ́ ìta, ẹ yà sábẹ́ òrùlé kan, kí ẹ dúró títí omi á fi fà.

Ní ti ohun kan ṣoṣo tí mo sọ, ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n mú lọ sí ibi mẹ́ta lóòjọ́: níbi kejì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún, nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ibi kẹta, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni yóò wà. Ohun tí ọmọdé fẹ́ ni kí ó wo nǹkan kan pẹ́, kí ó béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó sì tún padà lọ wò ó. Ìjáde méjì lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ kúrò nílé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tí èrò tó ń lọ síbi iṣẹ́ bá ti dínkù, kí ẹ sì ti padà wọlé kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ìrọ̀lẹ́ má bàa ká yín mọ́ ojú títì pẹ̀lú ọmọ tí ebi ń pa.

Kí ẹ tó jáde, ẹ fi bíìrò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá ọmọ kọ̀ọ̀kan, níbi tí aṣọ bò, kí ẹ sì kọ́ ọmọ tó bá ti lè sọ̀rọ̀ ní orúkọ yín gan-an, nítorí pé bí ó bá sọnù, “Mọ́mì” nìkan kò lè mú un délé. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ kan náà fún gbogbo wọn, pupa tàbí yẹ́lò, kí ojú yín lè tètè rí wọn láàárín èrò. Ẹ gbé omi tí ẹ ti sè dání, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, àkàrà àti búrẹ́dì, tàbí àgbàdo sísè àti àgbọn, nítorí ìgbà àgbàdo ni ọlidé yìí. Ẹ̀pà dára fún àwọn ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odidi ẹ̀pà, nítorí ó lè há a lọ́fun. Bí ẹ bá wọ dáńfó, ẹ jókòó jìnnà sí ẹnu ilẹ̀kùn, kí ọmọ wà láàárín ẹ̀yin àti fèrèsé. Ẹ má gbé ọmọ gun ọ̀kadà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin dè é láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Island, Lagos Mainland àti Sùúrùlérè sì wà lára wọn.

Fún ọmọ tó fẹ́ràn ọkọ̀, kò sí ìjáde tó dà bí ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀nà irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, gùn tó kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2, ibùdókọ̀ márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè wọ̀ ọ́ ní Marina, ẹni tó wà ní apá Orílé lè ti ọ̀hún wọ̀ ọ́. Káàdì Cowry la fi ń wọlé, òun náà la fi ń jáde, nítorí náà ẹ ti fi owó sí i kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ fi káàdì náà kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Inú wọn máa ń dùn sí èyí ju bí àgbàlagbà ṣe lè rò lọ. Ẹ wá àyè tó sún mọ́ fèrèsé, nítorí nítòsí Marina ni ọkọ̀ ti ń gba orí ọ̀sà kọjá, tí ọmọ á sì máa rí omi nísàlẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ ní kí wọ́n máa ka ibùdókọ̀ sókè bí ẹ ṣe ń kọjá. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí ọkọ̀ náà kò fi ní èéfín, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó fúnra wọn, kí ẹ tó ṣàlàyé pé iná mànàmáná ló ń fà á. Nígbà tí ẹ bá dé ìparí ọ̀nà, ẹ jáde, ẹ jẹun díẹ̀, ẹ sì wọ ọkọ̀ tó ń padà. Ìjáde tó pé ni ìyẹn. Ẹ má fi nǹkan mìíràn kún un.

Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ lè mú àwọn ọmọ kan náà lọ wo bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú ọgbà Rélùwéè ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tta, ilé àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n sì ti tún ṣe láti máa fi àwòrán àti ohun èlò Rélùwéè ìgbà náà hàn. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n máa ṣí i lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè sọ fún wọn pé ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Bí ìyá àgbà bá wà nílé tó wọ ọkọ̀ yẹn rí, ẹ ní kí ó wá sọ bí ọkọ̀ ṣe ń dún fàkàfìkì fún wọn, nítorí ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀ ni ìtàn ti ń dùn.

Fún àwọn ọ̀sẹ̀ tí òjò ṣì ń rọ̀, Oníkan ni kí ẹ kọjú sí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀, tí Kenneth Murray dá sílẹ̀ ní 1957, wà níbẹ̀, ohun tó sì máa ń dá àwọn ọmọ dúró jù nínú rẹ̀ ni mọ́tò tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976. Ojú ihò ọta wà lára mọ́tò náà, ọmọ á sì béèrè nípa rẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú òtítọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè gbé: pé olórí orílẹ̀-èdè ni, pé àwọn tó fẹ́ fi ipá gbàjọba ni wọ́n yìnbọn pa á, pé kò dára, àti pé a tọ́jú mọ́tò náà kí a má bàa gbàgbé. Ọmọ tí a bá pa irọ́ fún nípa nǹkan báyìí á padà gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ wo ère díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé.

Ní Oníkan kan náà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀, ni kí ẹ lọ sí ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi sọrí John Randle. Dókítà tó ṣiṣẹ́ nílùú Èkó ni Randle, òun ló sì kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí àdúgbò yẹn ní 1928 kí àwọn ọmọ ìlú lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣí ilé àṣà náà ní ọdún 2023. Bí ọmọ yín bá ti ń kàwé, ẹ ní kí ó ka àkọlé tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ síbẹ̀ sókè fún àbúrò rẹ̀, kí ẹ má sì kánjú tún un ṣe bí ó bá ṣi àmì ohùn pè.

Òjò a máa wà tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde rárá. Ẹ gé ihò méjìlá lára kíréètì ẹyin, kí ẹ fi èso tàbí òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, ọpọ́n ayò ti délẹ̀ nìyẹn, ọmọ á sì máa kọ́ ìṣirò láìmọ̀ pé òun ń kọ́ ọ. Ẹ fi òwú tútù àti ẹ̀wà mélòó kan sínú ife tó mọ́ gaara, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni gbòǹgbò á yọ. Nírọ̀lẹ́, bí iná bá lọ, àlọ́ ni kí ẹ pa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù lọ ni ó pa àlọ́ àpamọ̀ àkọ́kọ́, kódà bí ó bá jẹ́ èyí tí gbogbo ilé ti mọ̀ ni.

Nígbà tí oṣù Kẹjọ bá wọlé, tí òjò sì dá, ẹ lè lọ jìnnà díẹ̀. Ọgbà Lekki Conservation Centre, tó ti wà láti 1990, fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, ọ̀bọ àti oríṣiríṣi ẹyẹ ló sì wà nínú rẹ̀. Afárá tí wọ́n so sórí igi níbẹ̀ gùn ní mítà 401. Ó gùn jù fún ọmọ kékeré, ó sì máa ń mì, nítorí náà ọ̀nà pákó tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ bá àwọn ọmọdé gbà. Ẹ fi oúnjẹ pamọ́ sínú báàgì tó ní síìpù, torí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í bẹ̀rù láti já a gbà. Ní ti òkun, èmi kì í jẹ́ kí omi ga ju ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ lọ, nítorí omi tó ń fa ènìyàn lọ sínú òkun kì í hàn sójú. Etí omi Tarkwa Bay ní tirẹ̀ máa ń dákẹ́ ju ti ìyókù lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi la fi ń dé ibẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní ẹ̀wù aláìrì tó bá ara ọmọ yín mu, ẹ má wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọjà ni ó kù, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ọjà Oyíngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Nítorí náà, ìyá ni kí ó mọ̀, kí ó sì mú ọmọ tí ó lè tọ́jú nìkan lọ, ọ̀kan tàbí méjì. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní owó ohun kan ṣoṣo tí yóò rà fúnra rẹ̀: ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan, tàbí dẹ́ríkà ẹ̀wà olóyin kan. Ẹ kọ́ ọ kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kí ó kí ìyá ọlọ́jà pé “Ẹ kú ọjà o, mà,” kí ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kí ó ná an, kí ó ka ṣéńjì, kí ó sì béèrè ènì. Ẹ dúró sẹ́yìn. Ó lè gba àkókò, ó sì lè ra ẹ̀fọ́ tó ti rọ díẹ̀. Òun náà ni kí ẹ fi se ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì sọ fún bàbá wọn ẹni tó rà á. Bí ìyá ọlọ́jà bá ráyè, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fi dẹ́ríkà mélòó tó ń kún kóńgò kan han àwọn ọmọ, kí wọ́n máa kà á bí ó ṣe ń dà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé, ẹ dá ìjáde dúró. Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n túbọ̀ tètè sùn díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́, ẹ wọ yúnífọ́ọ̀mù fún wọn wò láti mọ èyí tó ti kéré, kí ẹ sì bá onídìrí sọ̀rọ̀ kí èrò tó kún ọ̀dọ̀ rẹ̀.